Pọ́ǹpù Wọn Ló Bàjẹ́, Kpayo Ni Wọ́n Ń Bú

Ẹni tó bá tún sọ ọ́ sí mi létí pé kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò tí wọ́n ń kó wọ Benin wa yìí láti Nàìjíríà, ló ba pọ́ǹpù epo jíìpù mi jẹ́, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tuntun ni mo rà, tuntun tí wọn ò tíì ya ọ̀rá kúrò lára àga ẹ̀. Kì í ṣe venu de France, kì í ṣe èyí tí òyìnbó kan gùn títí tó sú u kó tó tì í sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Kútọnu. Iye tí mo san, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Ilé ìtajà tí mo ti rà á náà, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà rèé. Ẹ ó máa wà á lọ jẹ́jẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè sáré, yóò gbọ̀n rìrì, yóò húkọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú pátá. Lórí ìrìn o! Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́. Ẹ tún un tẹ̀, ó ti le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn Pọ́bẹ̀, nígbà tí mo ń gbé Màmá lọ sí Kétu níbi òkú ẹbí wa kan. Iná pupa tàn káàkiri iwájú mi. Màmá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o dúró sáàárín títì?" Èmi kọ́ ni mo dúró, Màmá. Ọkọ̀ ló dúró. Ọkọ̀ símẹ́ńtì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ti ń fọn fèrè láti òkèèrè. Mo ń tẹ bọ́tìnnì tó ń tan ọkọ̀, ojú ẹ̀rọ ń sọ fún mi ní èdè Faransé pé kí n lọ rí oníṣẹ́ wọn. Mo dúpẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ̀ símẹ́ńtì. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí dírẹ́bà náà yà bàrà gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, tó ku díẹ̀ kó gbá gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi lọ. Títí a fi dé Kétu, Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ilẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn ni wọ́n ń kà.

Mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, omi tútù wà, tẹlifíṣọ̀n wà. Ọmọkùnrin kan jáde sí mi, ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání, kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kò tan ọkọ̀, kò wà á kọjá géètì. Ẹnu tánkì ló lọ ṣí. Ó fi imú gbóòórùn ẹ̀, ó wá ń mi orí bí babaláwo tó rí odù tí kò dáa.

"Patron, ẹsáǹsì wo lẹ máa ń rà?"

Mo ní ní ilé epo ni, ní Wàndó. Mo ní ìwé ẹ̀ rèé. Ó wo ìwé náà, ó dá a padà.

"Kpayo ni, Patron. Garantie ò kan ti kpayo." Ìyẹn ni pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi ò sí mọ́.

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ń tò sẹ́yìn ní ilé epo nígbà tí ìgò kpayo tò rẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Àjàṣẹ́ wa níbí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, títí dé Kútọnu. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo fúnra ẹ̀ ti gbówó lórí. Kí ni mo fẹ́ fi bu epo ìgò sínú ọkọ̀ tí mo fi gbogbo owó mi rà? Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé epo tí kò dáa ló fà á. Wọ́n fọ tánkì, wọ́n gbowó fífọ̀ lọ́wọ́ mi, mo wà á jáde, kò pẹ́ tó tún kú sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Jíìpù kan náà ni wọ́n ń gùn, orúkọ kan náà, ọdún kan náà, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo ń ráhùn fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ti pọ́ǹpù epo yẹn náà ni? Èmi ti gba lẹ́tà." Lẹ́tà! Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló kọ ọ́ sí wọn, pé pọ́ǹpù epo inú ọkọ̀ yín lè dákẹ́ lójijì, ẹ́ńjìnnì lè kú lórí ìrìn, ẹ gbé e wá, a ó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n mu kọfí níbẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn padà sílé. Ó parí.

Ṣé wọ́n ń ta kpayo ní Maryland ni?

Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ṣàjèjì. Láti ọdún 2020 ni Toyota àti Honda ti ń pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà nítorí pọ́ǹpù epo tí ilé iṣẹ́ Denso ṣe. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ọkọ̀ tèmi, ṣùgbọ́n àìsàn wọn jọra. Abẹ́bẹ̀ kékeré kan wà nínú pọ́ǹpù náà, ike ni wọ́n fi ṣe é, òun ló ń yí tó ń ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ike ọ̀hún ò ki tó bó ṣe yẹ. Ó ń mu epo, ó ń wú, nígbà tó bá wú tán á máa ha ara ilé tó wà nínú ẹ̀, títí kò fi ní lè yí mọ́. Epo ò dé inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ kú. Epo Amẹ́ríkà tó mọ́ lóló ló wú u bẹ́ẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò gbóòórùn tánkì ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀ mi ránṣẹ́, àwọn nọ́ńbà àti álífábẹ́ẹ̀tì, 17 lápapọ̀, tó wà ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ àti ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè tẹ̀ ẹ́ wọlé láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà. Wọ́n tẹ tèmi. Kò sí. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà nìkan ni ibẹ̀ mọ̀, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà wa ò sí nínú ìwé wọn. Ó dáa, mo ní kí wọ́n tẹ ti Alájì ilé kejì mi, òun ra tiẹ̀ ní tòkunbọ̀, láti Amẹ́ríkà ló ti wá. Ti Alájì jáde kíákíá: airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde gba dírẹ́bà nígbà tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, tí wọn ò tíì pààrọ̀. Inú Alájì dùn, ó gbéra, ó di Kútọnu. Àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ náà níbẹ̀ ní ọkọ̀ rẹ kì í ṣe èyí tí àwa tà, baba, ti Amẹ́ríkà ni, gbé e lọ sí Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wò ó. Èmi tí mo rà á ní tuntun níbí, mi ò sí nínú ìwé Amẹ́ríkà. Alájì wà nínú ìwé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é fún un níbí. Ibo ni ká gbé orí gbà?

Ọ̀rọ̀ airbag yẹn gan-an ló ń kó mi láyà sókè ju pọ́ǹpù lọ, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn ní Àjàṣẹ́ yìí lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú volant wọn, ìyẹn ohun roboto tí dírẹ́bà fi ń darí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ilé iṣẹ́ Takata ní Jàpáánù wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ airbag nígbà náà. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ ni ammonium nitrate, èyí tí wọ́n ń lò fún ajílẹ̀ àti fún fífọ́ òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ni wọn ò fi ohun tó ń fa omi mu sí. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá kẹ́míkà náà fún ọdún púpọ̀, yóò bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, dípò kó fẹ́ airbag, bú ni yóò bú gbàmù, yóò fọ́ agolo irin tó wà nínú ẹ̀, irin wẹ́wẹ́ á sì fọ́n sí dírẹ́bà lọ́rùn àti lójú. Èèyàn tó lé ní 25 ló ti bá a lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà níbẹ̀, Takata sì kógbá sílé lọ́dún 2017. Nínú ọkọ̀ tó burú jù ni Honda CR-V ọdún 2002 àti Pilot ọdún 2003 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n dán irú airbag wọn wò, ó tó ìdajì tó lè bú. Ìdajì! Ẹ jáde sí títì ní Wàndó lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka CR-V tó máa kọjá.

Ibo ni Amẹ́ríkà sì fi ṣíwájú nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ wọn? Florida, àti àwọn ibi tó gbóná tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi, torí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin tí ilé yín kọjú sí ọ̀sà, ṣé ẹ mọ ibi tó gbóná tó sì kún fún omi? Ibi tí aṣọ ò ti ń gbẹ nínú oṣù kẹfà, tí iyọ̀ ń di gbágbá nínú agolo? Florida gba lẹ́tà. Àwa gba ọkọ̀.

Ohun tó wá bí mi nínú jù lọ rèé. Lọ́dún 2000, táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ jíìpù Ford Explorer ń ya lórí eré, ọkọ̀ ń dojú dé, èèyàn ń kú. Mílíọ̀nù 6.5 táyà ni wọ́n pè padà. Nígbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé Ford ti ń pààrọ̀ táyà fún àwọn oníbàárà ní Saudi Arabia láti 1999, kò sì sọ fún Amẹ́ríkà. Inú bí wọn. Wọ́n ṣe òfin lọ́dún yẹn gan-an: ilé iṣẹ́ tó bá pe ọkọ̀ padà ní ilẹ̀ òkèèrè, tí irú ọkọ̀ náà sì wà ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ló ní láti fi tó ìjọba wọn létí. Ó ku ẹni tó máa ṣe irú ẹ̀ fún wa, pé bí wọ́n bá pe ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, kí Benin náà gbọ́. Òfin ààbò oníbàárà wà ní Benin láti ọdún 2007. Mo ti bi àwọn tó tà á fún mi nípa òfin náà. Ọmọkùnrin tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ní, "Òfin wo, Patron?"

Kí wọ́n má sì sọ pé àwọn ò mọ ibi tí mo wà. Wọ́n mọ nọ́ńbà mi dáadáa! Bí oṣù ààwẹ̀ bá wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ló ń kọ́kọ́ dé. Ọdún tuntun, wọ́n kí mi. Ọjọ́ ìbí mi, tí àwọn ọmọ mi gan-an máa ń gbàgbé, wọ́n kí mi. Bí ọkọ̀ mìíràn bá dé, wọ́n ní kí n wá wò ó, ẹ̀dínwó wà. Nígbà tó wá kan pọ́ǹpù tó lè pa èmi àti ìyá mi, nọ́ńbà mi sọnù.

Àwa náà ò kúkú sàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní jíìpù yìí kan náà, tiẹ̀ náà ń kú lórí ìrìn. Nígbà tí mo ní ká jọ kọ̀wé, ó ní kí n dákẹ́ ẹnu mi, pé bí ìròyìn bá tàn, kò ní rí i tà ní iye tó fẹ́. Ta lo fẹ́ tà á fún, ọ̀rẹ́? Ọmọ ta ni? Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ṣe ségesège máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba, tó bá pọ̀, ìjọba á tú u wò, ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń wá. Tiwa, abẹ́ igi mẹkáníìkì la ti ń sọ ọ́, a ó ní "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni", a ó san owó, a ó wà á lọ.

Èmi ti ń kọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní jíìpù tó ń kú lórí ìrìn, tí wọ́n sì ní kpayo ni, kó fi nọ́ńbà ṣáásí àti ìwé tí wọ́n fún un ránṣẹ́ sí mi, ká kó o jọ. Ilé aṣòfin ò jìnnà sí wa, Àjàṣẹ́ níbí ló wà. Ibẹ̀ ni mo ń kó o lọ. Àwọn aṣòfin náà ò sì ní pè mí ní aláròká, torí jíìpù làwọn náà ń gùn. Kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì tiwọn.