Àtúnṣe: 4,294,967,297 ṣeé pín

Ẹ̀yin òbí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwọn òbí ní Surulere àti Yaba. Ó ní kò sí nọ́ńbà tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, pé Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe òótọ́. Fermat gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ wa gbà á gbọ́: 3, 5, 17, 257 àti 65,537 tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan náà kò ṣeé pín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 pín in géérégé, ó sì jẹ́ 6,700,417.

Ẹ má gba tẹnu mi nìkan. Lálẹ́ àná, èmi àti ọmọ mi fi bírò ṣe é sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. A pín 641 sí 600 àti 41. 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200. Lọ́nà 41, ó jẹ́ 274,717,097. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí 4,294,967,297. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù náà lè ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ bá ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ síbẹ̀, pàápàá sí àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò.