Ta ló ní ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló lè ka ìwé ọwọ́ àtijọ́?

Ó ti sú mi. Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún yìí tí mo máa gbọ́ ọ, ibi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n sì ti sọ tọ̀tẹ̀ yìí, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo kàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé mo ti ń ka ìwé tí àwọn Òyìnbó fọwọ́ kọ ní irinwó ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbọ́, wọ́n já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ mi lẹ́nu: "Má tàn wá jẹ o. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ò lè ka ìwé yẹn, àfi ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbọ́ Látìn. Ọwọ́ wọn rí wúruwùru, wọn ò mọ sípẹ́lì, 'f' ni wọ́n ń kọ síbi tó yẹ kí 's' wà." Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì ló ń mi orí pé òótọ́ ni, títí kan ẹni tó ń gbé àmàlà kọjá.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò kàwé ìtàn ní yunifásítì, Látìn tí mo gbọ́ kò sì kún ṣíbí tíì. Tí àwọn ìyá àti bàbá tí mò ń tọ́jú bá ti sùn, mo máa ń ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Kew, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé láti 1500 sí 1800. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó gbé oyè lé mi lórí.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo wá dán wò fúnra mi ni àkọsílẹ̀ dúkìá àgbẹ̀ kan tó ti kú. Ọ̀rọ̀ kan dá mi dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ohun tí ojú mi rí ni "rgoft". Mo wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo wá a lórí Google. Kò sí ohun tó ń jẹ́ rgoft láyé. "Chest" ni. Àpótí lásánlàsàn!

Ẹ wá wo bí mo ṣe ṣìnà. "C" ìgbà náà jọ "r" tiwa. "H" wọn kì í dúró sórí ìlà, ó máa ń wọ́ ìrù lọ sísàlẹ̀ ni. "E" wọn kọ ẹ̀yìn sí wa. "S" tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tàbí tó wà láàárín rẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ bí ọ̀pá. Lẹ́tà mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo ṣì kà, kì í ṣe nítorí pé akọ̀wé náà kọ ìkọkúkọ, bí kò ṣe pé lẹ́tà tèmi ni mò ń wá nínú ìwé tiẹ̀. Ọjọ́ tí mo mọ ìyẹn, gbogbo "chest" tó wà nínú ìwé náà di "chest", ní ojú ewé kìíní àti ní ojú ewé ìkẹyìn. Mo ṣí ìwé akọ̀wé mìíràn láti ìlú mìíràn, "c" kan náà ni, ìrù "h" kan náà ni. Ṣé bí wúruwùru ṣe ń rí nìyẹn? Ọwọ́ yẹn ní orúkọ, secretary hand ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1570 ni wọ́n ti tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tó ya oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò ó kọ. Tí alfa bá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sílẹ̀, tí ẹ ò lè kà á, ṣé ẹ máa ní alfa ò mọ̀wé kọ ni?

Ọ̀rọ̀ "f" àti "s" yìí ló máa ń bí mi nínú jù. Kò sí Òyìnbó kankan tó ń kọ "f" fún "s". Ẹ wo ìwé ọwọ́ náà dáadáa: "f" ní igi tó dábùú rẹ̀, "s" gígùn kò ní. Nínú ìwé títẹ̀, "s" gígùn lè ní igi kékeré lápá òsì nìkan, kì í la ara rẹ̀ kọjá. Tó bá sì kan ìparí ọ̀rọ̀, "s" kékeré tó ká ara rẹ̀ kò ni wọ́n ń lò. Òfin ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "u" àti "v". Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kà wọ́n sí: "v" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "u" nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí "vnto" àti "haue". "Y" inú "ye" kì í ṣe "y" rárá, lẹ́tà àtijọ́ kan tó dúró fún "th" ló wá jọ ọ́. "Ye" ni "the", "yt" ni "that". Àwọn ilé ọtí tó kọ "Ye Olde" sára pátákó wọn, tí àwọn èèyàn ń pè é ní "yíì", mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ti sípẹ́lì, ẹ jọ̀ọ́. Àwa tí Bíbélì wa àtijọ́ kọ "aiye", "enia" àti "nwọn", tí a ń kà á láìkọsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ṣé àwa la fẹ́ máa fi sípẹ́lì bú ẹlòmíì?

William Shakespeare kú ní 1616. Ìwé ìhágún rẹ̀, abala mẹ́ta, wà ní Kew yẹn kan náà, secretary hand sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Látìn tó wà nínú rẹ̀ kò ju orí àti ìsàlẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí àti ibi tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ìyókù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n há ìlà kan sáàárín ìlà méjì, níbi tó ti rántí ìyàwó rẹ̀: "Item I gyve vnto my wief my second best bed wth the furniture." Ẹ ti rí "v" inú "vnto". "Wth" ni "with" tí wọ́n gé kúrú, bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú lórí WhatsApp. (Bẹ́ẹ̀dì kejì! Ká ní ìyàwó Yorùbá ni, àwọn ẹbí ì bá ti pe ìpàdé.)

Nígbà tó wá kan òǹkà, tí wọ́n ń fi lẹ́tà Róòmù kọ, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín lóru ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. "iiij" ni mẹ́rin, "j" ìkẹyìn ló ń fi hàn pé òǹkà ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí "iiij" tí wọ́n kọ "xx" kékeré, ìyẹn ogún, lé lórí. Ogún mẹ́rin. Ọgọ́rin! Ìyá mi àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí ì bá ti ṣí ìyẹn ṣáájú ẹni tó kàwé títí tó gba oyè.

Ó dáa, mo gbà: títí di 1733, Látìn ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹjọ́ wọn, àwọn akọ̀wé kan sì wà tí ọwọ́ wọn burú ní tòótọ́. Mi ò fọwọ́ kan ìwọ̀nyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló máa kà á fún wa báyìí, ẹ lọ bi í ní "rgoft".

Ẹni tó bá ti lè ka ti 1616, ti àwọn ọdún 1800 yóò dà bí ẹni fi ẹran jẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa ló wà nínú ìyẹn. Ní Freetown, ní Sierra Leone, àwọn akọ̀wé Òyìnbó kọ orúkọ àwọn tí ọkọ̀ ogun gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sínú ìwé ńlá ńlá, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. 1822 ni ọkọ̀ gba Àjàyí tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sílẹ̀. Bí orúkọ ṣe ró létí akọ̀wé ló ṣe kọ ọ́. Òyìnbó tó ń kà á lónìí lè má mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá lè pè é síta kí o sì mọ orúkọ tí ìyá ẹni náà sọ ọ́.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n jiyàn níbẹ̀, àgbà ni wọ́n. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni mo pè. Mo ya lẹ́tà mẹ́jọ sẹ́yìn ìwé ètò ìsọmọlórúkọ, mo ṣí ìwé ìhágún yẹn lórí fóònù, mo ní kó máa bá a lọ. Wọn ò tíì pín mọ́ínmọ́ín tán tó fi ka "second best bed" sókè ketekete.

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí ọpọlọ ọmọ yìí ṣe pé tó. Ìyá mi ló gbé e jọ."