Ebi kọ́ ló ń fa ulcer o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí ó ń pa àwọn èèyàn lára. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí, "tètè lọ jẹun kí ulcer má bàa ṣe ẹ́", àmọ́ ebi kì í dá egbò síni nínú.

Lóòótọ́ ásíìdì inú ikùn le gan-an, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń yọ̀ bí ikun tó bo ara ikùn nínú lọ́hùn-ún, òun ni kì í jẹ́ kí ásíìdì yẹn jẹ ẹran ara wa, ìgbà tá a bá sì ń jẹun gan-an ni ásíìdì máa ń tú jáde jù, kì í ṣe ìgbà tébi ń pa wá.

Kí ló wá ń fà á? Èyí tó pọ̀ jù, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ni. Àwọn dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ló rí i, àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́, ni Marshall bá gbé kòkòrò náà mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń bì, inú ikùn ẹ̀ sì ti wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2005.

Ìkejì ni àwọn oògùn ara ríro bí aspirin, ibuprofen àti diclofenac, torí wọn kì í jẹ́ kí ara ṣe ikun yẹn tó bó ṣe yẹ. Èyí ló dùn mí jù! Ẹni tó ń gbé ibuprofen mì lójoojúmọ́, tínú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, á ní torí pé òun ò jẹun àárọ̀ ni.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti wá ṣá. Tí egbò bá ti wà nílẹ̀, pàápàá níbi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń dunni tínú bá ṣófo, téèyàn bá jẹun á rọlẹ̀ díẹ̀, la bá rò pé ebi ló dá a sílẹ̀. Ebi kàn jẹ́ ká mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀ ni.

Torí náà ẹ má kàn máa jẹun lé e lórí, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, èémí tàbí ìgbẹ́ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Tí kòkòrò yẹn bá wà níbẹ̀, dókítà á kọ antibiotics pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó, ẹ lò ó tán o. Àmọ́ tí ìgbẹ́ bá dúdú kirikiri tàbí téèyàn bá bi ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.