Ojú Ìyá Mi Náà Ni Wọ́n Ní Kí N Sanwó Kí N Tó Rí!

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbúrò mi tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ló fi fóònù rẹ̀ ya fídíò ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún Màmá. Kó tó padà, ó kó o sórí fúláàṣì fún mi. Alẹ́ Sátidé ni gbogbo wa péjọ sí pálọ̀, pẹ̀lú àwọn àbúrò Màmá méjì tí ara wọn ò yá lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí wọ́n torí fídíò yìí wọkọ̀ láti Òṣogbo wá sí Ìbàdàn. Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Màmá jáde ketekete, ó ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ńkọ́? Òkùnkùn biribiri. Màmá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ló bá bi mí pé, "Ṣé èmi ò sí níbẹ̀ ni?"

Kí ni kọ̀ǹpútà wá sọ? Pé codec tuntun, irinṣẹ́ tó ń di fídíò tó sì ń tú u kó ṣeé wò, ni mo nílò, kí n rà á, sẹ́ǹtì 99 owó Amẹ́ríkà. Mo ti ra kọ̀ǹpútà. Mo ra iná tó ń jẹ. Ìyá mi ni ìyá mi. Èwo ni ti owó mìíràn? Mo tiẹ̀ fẹ́ san án nítorí ojú àwọn àgbà tó jókòó, káàdì náírà mi kọ̀, kò gba dọ́là.

Fáìlì náà ń jẹ́ MP4, bíi gbogbo èyí tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Àṣé àpò lásán ni MP4! Wọ́n di àwòrán sínú rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n di ohùn lọ́tọ̀. H.264, ọ̀nà ìdìpọ̀ àwòrán tó jáde ní 2003, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ṣe ń tú u. Fóònù àbúrò mi ti lọ fi HEVC dì í, ọ̀nà ìdìpọ̀ mìíràn tó jáde ní 2013, nítorí pé ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù sí bí ìdajì. Kò bi í léèrè o, fúnra rẹ̀ ló yàn án. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ lórí HEVC sì pọ̀, wọ́n pín sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba owó tirẹ̀. Èmi ni wọ́n wá ti ẹrù náà sí lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ká kàn yí ìparí orúkọ fáìlì padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Tí ẹ bá kọ "gàrí" sára àpò sìmẹ́ǹtì, ṣé ẹ ó bu omi sí i mu ni? Ẹlòmíì ní kí n wa àkójọ codec kan sórí kọ̀ǹpútà. Mo wà á, ìpolówó ló kún ojú kọ̀ǹpútà mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

VLC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fídíò hàn, ló ṣí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ní Paris ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1996, ọ̀fẹ́ ni títí dòní, ó sì kó codec tirẹ̀ dání. Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́, kò ní ẹ̀yà tó ń tú HEVC nínú, agbára lásán ló ń fi tú u. Àwòrán ń já, ó ń dúró, ohùn ti lọ jìnnà kó tó dé. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

Mo bá gbé e sínú HandBrake, ètò tó ń tún fídíò dì lọ́nà mìíràn, kó yí i sí H.264. Fídíò tí kò tó wákàtí kan, ó ní wákàtí mẹ́fà! Nígbà tó ṣe ìdajì, wọ́n mú iná lọ, bátìrì kú, gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, epo ń jó lórí ohun tí àbúrò mi ì bá fi ìka kan yí padà níbi ètò kámẹ́rà rẹ̀, ká ní ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Màmá tó rí ijó tó jó. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti wọkọ̀ padà sí Òṣogbo láti àárọ̀.