Ẹ Fi Etí Ra Kámẹ́rà

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ fẹ́ máa ṣe fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ èrò ọkàn mi. Bí ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà fídíò, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé 4K ni?", ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere ju HD lásán lọ. Ohun tí ì bá wù mí kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ibo ni wọ́n ti ń ki máíkì bọ̀ ọ́ lára?

Àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn á fara dà á bí ìtàn bá dùn. Ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń bo òṣèré lóhùn, òǹwòran ò ní dúró. Ta ni kò mọ ariwo jẹnẹrétọ̀ nílẹ̀ wa? Máíkì tí wọ́n ṣe mọ́ kámẹ́rà jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun gbogbo tó bá sì ń dún láyìíká ló ń gbé, títí kan ìka ẹni tó mú kámẹ́rà dání. Ihò máíkì tẹ́ẹ́rẹ́, 3.5mm, tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí agbára bá gbé e, XLR tó gba ẹnu oníka mẹ́ta ló dára jù, torí wáyà rẹ̀ lè gùn gan-an kó má sì kó kíkùn iná sínú ohùn. Kí ihò hẹ́díìfóònù náà wà níbẹ̀ o! Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí owó rẹ̀ kò ga ló ní ti máíkì tí kò ní ti hẹ́díìfóònù. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí kámẹ́rà ń gbọ́, ó di ilé kó tó mọ̀ pé wáyà máíkì ti yọ láti àárọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni èdè wa. Àwọn ìyá àgbà tó ń sọ ojúlówó Ìjẹ̀bú, irú èyí tí ará Ìbàdàn ò ní gbọ́ tán, ń dín kù lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà lọ bá wọn, ohùn wọn gan-an lohun tí ẹ lọ gbà. Bí ohùn yẹn bá bàjẹ́, kò sí ẹ́díìtì tó lè dá a padà.

Ẹ wo Ojúde Ọba náà, ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹlẹ́ṣin láti ìdílé àwọn Balógun ń bọ̀, ìlù ń dún, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ń jó kọjá níwájú Awùjalẹ̀. Ìbọn á ṣàdédé dún gbòà! Kámẹ́rà tó ń dá ohùn wọ̀n fúnra rẹ̀ á sáré fa gbogbo ohùn wálẹ̀, oríkì tí wọ́n ń kì lọ́wọ́ á rá mọ́ inú afẹ́fẹ́, kó tó tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yí ohùn rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbé kámẹ́rà fídíò ga ju kámẹ́rà fọ́tò lọ. Ẹ ò ní ráyè sún mọ́ ẹṣin, lẹ́ǹsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn wálé lẹ ó lò (kó jẹ́ súùmù lẹ́ǹsì gan-an o, ti orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní digital, àwòrán ló ń bà jẹ́). Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fọ́tò tó wà nínú tòkunbọ̀ kì í ya fídíò kọjá ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, nítorí owó orí ọjà tí ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà nígbà kan lórí kámẹ́rà fídíò ni àwọn tó ṣe é fi dá a dúró síbẹ̀. Èyí tó ṣeé pa lẹ́ǹsì rẹ̀ dà nínú wọn, eruku ẹsẹ̀ ẹṣin á ráyè wọnú rẹ̀ bí ẹ bá ń pa á dà. Bátìrì kámẹ́rà fídíò sì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ níta, ẹ lè fi èyí tó tóbi sí i. Ẹni tó bá mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe mọ ìwúlò ìyẹn.

Ká ní ilé gàrí lẹ fẹ́ yà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, iná igi ń jó lábẹ́ agbada, èéfín ń gba iwájú obìnrin tó ń yan gàrí kọjá. Kámẹ́rà tó ń fúnra rẹ̀ wá ojú ibi tó máa wò á fi ojú obìnrin náà sílẹ̀, á máa lé èéfín kiri. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí òrùka tí ẹ lè fọwọ́ yí wà lára lẹ́ǹsì. Kí sensor rẹ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tóbi díẹ̀ pẹ̀lú, torí sensor kékeré nínú òkùnkùn, àwòrán á kún fún hóró.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ bèèrè ibi tó ti wá. Bí iná ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀: tiwa jẹ́ 50Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60Hz. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó wá láti Amẹ́ríkà ò ní fọ́rémù 25 (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bí ẹ bá fi ya nǹkan lábẹ́ iná gbọọrọ, iná á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Bí ẹ bá lè fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ó máa ń lọ. Bí kò bá gbà yín láyè, ẹ fi í sílẹ̀. Oníkásẹ́ẹ̀tì MiniDV tó jáde ní 1995, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán: wákàtí kan tí ẹ bá yà, wákàtí kan gbáko lẹ ó fi tú u sínú kọ̀ǹpútà, ojú FireWire tó ń lò ò sì sí lára kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí mọ́.

Mi ò bá 4K jà. Ṣùgbọ́n 4K tó ń lo 100Mbps (ìwọ̀n dátà tó ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń jẹ nǹkan bíi 45GB ní wákàtí kan, HD tó ń lo 24Mbps ò sì tó 11GB. Orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn wa á ti wò ó, dátà wọn ni wọ́n á fi wò ó. Owó tó kù, ẹ fi ra máíkì.

Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òsósà níbí, orí ìtàgé ló ti ń bọ̀ kó tó bọ́ sídìí fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó kékeré ò sì lè ṣe é. Èyí tí àwọn àgbà yẹn ń fi owó ńlá wá, ọmọ iléèwé ní Àgọ́-Ìwòyè lè rí i rà lónìí. Inú mi ń dùn sí i gan-an.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, ẹ mú máíkì àti hẹ́díìfóònù tiyín dání. Ẹ kì wọ́n bọ̀ ọ́, ẹ jáde sí etí títì níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjá, kí ẹnì kan dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ketekete, ẹ wọlé lọ ná an.