Àwọ̀ ewé lọ̀tọ̀, iṣẹ́ ewé lọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará, àwòrán sátẹ́láìtì igbó Colorado ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń pín kiri, pé igi ibẹ̀ ń ṣe oúnjẹ jálẹ̀ ọdún torí pé kì í wọ́wé, ṣini lọ́nà.

Lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ kì í wọ́wé. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, oòrùn tí ewé bá gbà, ooru ló ń sọ ọ́ dà, kì í fi ṣe oúnjẹ.

Ewé tó ń ṣiṣẹ́ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú wa kò rí. Ẹ̀rọ orí òpó ní Niwot Ridge, igbó orí òkè kan ní Colorado, wọ̀n ọ́n: ó lọ sílẹ̀ nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà.

Ẹ wo dátà SIF (orúkọ tí wọ́n ń pe ìmọ́lẹ̀ ewé yìí) láti ọ̀dọ̀ OCO-2, sátẹ́láìtì tí NASA fi ránṣẹ́ ní 2014. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi oṣù kìíní wé oṣù kẹfà.