Àwọn Aríran Tí Ń Ka Ìràwọ̀ Ọmọ Ọlọ́mọ

Nílé wa, bí wòlíì bá sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ ní ìràwọ̀, ẹnu ni ìyá náà kọ́kọ́ ń pa mọ́. Kò ní sọ fún alájọgbélé, ká má wá sọ ti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, yóò ra àbẹ́là, yóò sì máa ṣọ́ ọmọ náà tojú-tìyẹ́, kí ayé má baà rí ìràwọ̀ ọ̀hún kí wọ́n yí i padà.

Amẹ́ríkà tí mo wà yìí kọ́. Níbí, bí ọmọ ọdún 16 bá ní ìràwọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí: gíga rẹ̀ nìyí, ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, ilé-ìwé rẹ̀ nìyí, fọ́tò rẹ̀ náà rèé, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó àjọ. Aríran wọn ò wọ sùtánà, kò sì gbé agogo dání. Fẹ́ẹ̀sì-káàpù ló dé, aago tí wọ́n fi ń ka eré ìje ló fi kọ́ ọrùn.

Bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí Okocha fi ń yí àwọn èèyàn lójú. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó rí bí ìbẹ́pẹ kékeré ni, tí wọ́n ń gbé sá lọ bí olè, tí àwọn ọkùnrin tó tóbi bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sì ń rọ́ lu ara wọn nítorí rẹ̀. Ti àwọn yunifásítì ló ń pa wọ́n bí ọtí. Pápá yunifásítì Texas A&M nìkan, èèyàn tó lé ní 100,000 ló ń gbà. Kí yunifásítì tó rí agbábọ́ọ̀lù, ó ní láti tọrọ rẹ̀ láti girama bí ẹni ń tọrọ ìyàwó. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìdána tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Keje 2021 tí wọ́n ti gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó, owó gidi ti wọ inú ẹrù ìdána náà.

Alárinà sì pọ̀: àwọn ìkànnì bíi 247Sports, Rivals àti ESPN. Àwọn ló ń pín ìràwọ̀. Márùn-ún: olórí ire. Mẹ́rin: ó kù díẹ̀. Mẹ́ta: ó ń gbìyànjú. Méjì: kí Olúwa ṣàánú. 247Sports tilẹ̀ máa ń mọ ìràwọ̀ márùn-ún sí nǹkan bí ọmọ 32 lọ́dún, nítorí pé ìpele àkọ́kọ́ tí NFL, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá a jẹun, fi ń yan ọmọ tuntun jẹ́ ti ẹni 32. Ẹ ò rí i pé àkọsẹ̀jayé ti dé Amẹ́ríkà? Babaláwo tiwa kàn ń sọ pé ọmọ yìí yóò là ni. Àwọn wọ̀nyí ti ka iye ẹni tí yóò là, àwọn yòókù á wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibi ìdánwò yẹn nígbà ooru. Oòrùn Texas, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Wọ́n ní kí ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n wọn gíga rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Wọ́n ní kó na apá méjèèjì, wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí ìka dé orí ìka. Wọ́n ní kó ya ọwọ́, wọ́n wọn àtẹ́lẹwọ́ náà. Mo dúró, mò ń retí kí wọ́n la ẹnu rẹ̀ wo eyín, nítorí bí a ṣe ń ra àgbò Iléyá ní Kárà gan-an nìyẹn, àfi pé a kì í sọ fún àgbò pé a máa pè é padà.

Ó wá kan eré 40 yáàdì. Ọmọ sáré, ó ń mí hẹlẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di aago mú wo aago, ó wo ọmọ, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé, ó pa ìwé dé. Bàbá ọmọ, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá pariwo nílé pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, pé dókítà tàbí lọ́yà ni, bá sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Sà, ẹ dákun sà, ìràwọ̀ mélòó ni sà?" Ẹni tó ń pè ní sà ò tíì lè pé ọdún 23. Ṣingọ́ọ̀mù ló ń jẹ. Ó ní àwọn máa gbé e sórí ìkànnì.

Texas A&M ló là mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejì 2022, wọ́n kó àwọn ọmọ tuntun jọ, 247Sports sì fún àkójọ náà ní máàkì tó ga jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì. Oníràwọ̀ márùn-ún kún inú rẹ̀ bí ẹran nínú ọbẹ̀ olówó. Aládùúgbò mi kan, òyìnbó tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, gbé bíà fún mi lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ó lè dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ àti ìràwọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà ló bi ìyàwó rẹ̀ lójú mi pé ọmọ-ọmọ àwọn kejì ti pé ọdún mélòó.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, Nick Saban, kóòṣì yunifásítì Alabama nígbà náà, sọ ní gbangba pé ṣe ni A&M fowó ra gbogbo wọn. Jimbo Fisher, kóòṣì A&M, pe àwọn oníròyìn jọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bínú débi tó fi ní àwọn kan rò pé Ọlọ́run làwọn. Àgbà méjì tí owó ọdún wọn tó kọ́ ọsibítù, wọ́n ń jà lórí ọmọ tí ò tíì lè fọ aṣọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án wá pé. Yunifásítì Appalachian State, láti Boone, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní North Carolina, wá sí pápá A&M. A&M ló sanwó fún wọn kí wọ́n wá, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là, bí ẹni háyà èèyàn tó máa nà níwájú àlejò. Àwọn ará Boone gbowó, wọ́n sì lu onílé 17 sí 14. Nígbà tí sáà náà fi máa parí, A&M borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀meje. Kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn oníràwọ̀ ọ̀hún fi kó ẹrù wọn lọ sí yunifásítì mìíràn. Ní oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lé Fisher, wọ́n sì gbà láti san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là fún un, kó ṣáà má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Bàbá mi fi ọdún 35 ṣe tíṣà. A ṣì ń tọ fáìlì owó ìfẹ̀yìntì wọn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Aládùúgbò mi ò fi ṣe. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ó ti tún ń ka ìràwọ̀ àwọn tó ń bọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé irọ́ ni ìràwọ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2023, yunifásítì Georgia, tí oníràwọ̀ mẹ́rin àti márùn-ún kún inú ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́, pàdé TCU, yunifásítì kan ní Texas, tí tirẹ̀ ò tó nǹkan, nínú àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà. 65 sí 7 ni. Bí kóòṣì bá kó oníràwọ̀ jọ rẹpẹtẹ, kí èyí tó máa jẹrà jẹrà, èyí tó kù á ṣì yó o. Kóòṣì tó bá wá ń sọ pé òun ò ka ìràwọ̀ sí, ẹ lọ wo irú ọmọ tó rí kó wálé. Ẹni tí ò lówó ẹran ló ń sọ pé ẹran ń há òun léyín.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Georgia lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Stetson Bennett. Ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú ẹgbẹ́ náà ní 2017 láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Mississippi, tó tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ju bọ́ọ̀lù tó di àmì-ayò, ẹ̀ẹ̀mejì ló fúnra rẹ̀ gbé e sáré wọlé. Ìràwọ̀ ló yí i ká, iná tọ́ọ̀ṣì lòun mú wá látilé.

Àwọn aríran ò kúkú rí J. J. Watt náà. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n fún un. Ó fi Central Michigan sílẹ̀, ó ń gbé písà kiri ilé onílé kó tó ráyè ní Wisconsin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é ní adènà tó dáńgájíá jù lọ ní NFL. Josh Allen, ọmọ àgbẹ̀ láti Firebaugh ní California, kò ní ìràwọ̀ kankan. Ó fi í-meèlì bẹ àwọn kóòṣì káàkiri, Wyoming ló dá a lóhùn, òun sì ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní NFL ní sáà 2024. Ẹ má torí èyí máa fi òfo yangàn o. Oníràwọ̀ méjì àti mẹ́ta pọ̀ bí erùpẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn á ṣáà di wúrà, àwọn díẹ̀ yẹn la sì ń rí pìtàn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọmọ wa, Olúṣẹ́gun Olúwatìmí. Air Force, yunifásítì àwọn ológun òfurufú, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Virginia, ó parí sí Michigan, níbi tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà ní ìlà iwájú, pa pọ̀ ní 2022. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gba àárín ẹsẹ̀ méjì ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, kó wá fi àyà pàdé ẹni tó ń rọ́ bọ̀. Wọ́n ì bá bi Yorùbá kan léèrè, à bá ti túmọ̀ orúkọ yẹn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́: Olúwa ló tì í, kì í ṣe Rivals.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bí ìran wọn ṣe ń yí padà. Ọmọ á wà jẹ́jẹ́ ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Alabama á ní àwọn fẹ́ ẹ. Kò ní pẹ́, ìràwọ̀ á di mẹ́rin. Àwọn òǹwòran ti sọ ọ́ di àwàdà láàárín ara wọn. Ọmọ ò ga sí i, eré rẹ̀ ò yá sí i. Ẹni tó wá tọrọ rẹ̀ ló yí padà. Wòlíì tiwa náà gbọ́n bẹ́ẹ̀: bí Mercedes bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìran dídùn ló ń rí.

Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé, tí ọmọ ń yan yunifásítì tó máa lọ, wá ni ìyàwó ń ṣí ìbòjú. Wọ́n á to fìlà sórí tábìlì, tẹlifíṣọ̀n á dé, ọmọ á fọwọ́ kan fìlà yìí, á fi í sílẹ̀, á mú tọ̀hún. Ní 2008, ọmọ kan ní Nevada ṣe gbogbo ètò yìí pé pérépéré, ó mú fìlà, ilé-ìwé pàtẹ́wọ́, láìsí yunifásítì kankan tó pè é. Ní 2018, ìyá ọmọ kan ní Fúlọ́rídà jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wọ súẹ́tà Alabama, ó dé fìlà Tennessee. Ọmọ mú fìlà yunifásítì Florida. Ìyá dìde wúyẹ́, ó jáde. Ó padà wá dì mọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ kámẹ́rà ti rí ohun tó ń wá.

Ìràwọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ mi jáde lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdánwò. Méjì. Bàbá ò jẹun. Ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, ó tún ní ará ilé ni, ó wá pe ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí WhatsApp, mo wà níbẹ̀.

"Màámi, ẹ bá wa fi ọmọ yìí sádùúrà o. Ìràwọ̀ méjì péré ni wọ́n ní ó ní."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Méjì kẹ̀? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan l'Ọlọ́run fún gbogbo wa. Ọmọ ta ló lọ gba tiẹ̀ kún un? Ẹ dá a padà kíá o, kí n má gbọ́ ẹjọ́ níbí."